Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ná, kí ẹ tó ní kó dárí jì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sára ògiri lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo wa, àmọ́ àwa ọmọ Mùsùlùmí ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí pé ilé wa ni mo mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ má kọjá lọ, ẹ dúró kà á. N kò rò pé nǹkan yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiyín.

Tí ọmọ méjì bá jà nílé, ní ilé-kéwú tàbí ní súkúù, ẹ wo ohun tí àgbà máa ń kọ́kọ́ sọ. "Ó tó! Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Ìwọ, sọ pé o ti dárí jì í." Wọn kò tíì béèrè ẹni tó ṣe kí ni o. Ẹni tó nani àti ẹni tí wọ́n nà, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú wọn. Tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá wá ń lọ́ra, tó ń wolẹ̀, òun gan-an ló tún máa di ẹlẹ́jọ́. Wọ́n á ní ó lágídí, wọ́n á ní ó ń di kùnrùngbùn, wọ́n á bi í pé ṣé kò mọ̀ pé Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹni tó ń foríjini ni.

Ọlọ́hun fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bá jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí àwọn àgbà ń gbà lẹ́nu ọmọ nígbà yẹn kì í ṣe ìdáríjì rárá. Wọ́n kàn fẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ni, kí wọ́n lè padà sídìí nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀sìn pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí mo mọ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan, ọmọ JSS2, ń lọ sí ilé-kéwú nírọ̀lẹ́. N kò ní sọ ibi tí ilé-kéwú náà wà. Lọ́jọ́ kan, owó ọmọ kan sọ nù, ₦500. Òun ló jókòó ti ọmọ náà, ni wọ́n bá ní òun ló mú un. Wọ́n da àpò rẹ̀ síta níwájú gbogbo èèyàn: ìwé, ìborùn, búrẹ́dì tó jẹ kù, gbogbo ẹ̀ pátá. Wọn kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni owó rí i láàárín ìwé ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò mi kò ju gbólóhùn kan lọ: "A dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, a ti rí i, dárí jì wọ́n, ọmọ Mùsùlùmí rere ni ẹ́." Ó ní òun ti dárí jì wọ́n. Kí ni ì bá tún sọ? Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú àpò rẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde kó sọ pé, "Ọmọ yìí kò jalè o, àwa la ṣì í mú." Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "Fáífù Họ́ndírẹ́dì" ni àwọn ọmọ ń pè é. Ló bá ní òun kò lọ kéwú mọ́. Ìyá rẹ̀ ń bi í léèrè pé ṣebí ó ti sọ pé òun dárí jì wọ́n, kí ló tún wá kù?

Orúkọ rẹ̀ ló kù. Owó ti padà sọ́wọ́ olówó, orúkọ ọmọ ni ẹnikẹ́ni kò dá padà. Àwọn tó pè é lólè ti gbàgbé lọ́jọ́ kejì, torí pé ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé.

Ìtàn kan sì wà tí gbogbo ẹni tó bá lọ kéwú mọ̀, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ irú èyí gan-an ni. Àwọn kan ní ìlú Mẹdínà parọ́ mọ́ Àìṣátù, ìyàwó Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ọ̀rọ̀ náà ń jà ràn-ìn nílùú fún bí oṣù kan. Mistah wà lára àwọn tó ń gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ ẹbí Abubakar, bàbá Àìṣátù, ni, Abubakar yìí ló sì ń bọ́ ọ torí pé tálákà ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, Abubakar búra pé òun kò ní fún un ní kọ́bọ̀ mọ́. Ni áyà bá sọ̀kalẹ̀ pé kí ẹni tí Ọlọ́hun ṣe oore fún má fi ìbúra dí oore mọ́ ẹbí rẹ̀, kó mójú kúrò. Abubakar sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un padà.

Ibí yìí ni àwọn oníwáàsí wa máa ń dúró sí. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí Abubakar?" Àmọ́ ẹ ṣí Suratu-n-Nuur fúnra yín, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Áyà 22 ni ọ̀rọ̀ àmójúkúrò yẹn wà. Láti áyà 11 ni Ọlọ́hun ti ń wẹ Àìṣátù mọ́, tó ń pe irọ́ ní irọ́, tó tún ń bá àwọn tó gbọ́ ọ wí pé kí ló dé tí wọn kò sọ pé irọ́ ni. Gbogbo ìlú ló gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Òtítọ́ ló kọ́kọ́ jáde, ìdáríjì ló tẹ̀lé e. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé wọ́n na àwọn tó gbé irọ́ náà kiri ní pàṣán, Mistah pẹ̀lú wọn, ìdáríjì Abubakar kò sì fagi lé ìyẹn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń wù mí. Nígbà tí ìdáláre dé, ìyá Àìṣátù ní kó dìde lọ bá ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò ní dìde, Ọlọ́hun nìkan ni òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà nínú hàdíìsì Bukhari. Ọmọbìnrin kékeré ló ṣì jẹ́ nígbà yẹn o. Inú ń bí i, ó sì sọ ọ́ síta. A kò gbọ́ ọ nínú ìtàn náà pé ẹnikẹ́ni pè é ní alágídí.

Àwọn àgbà tún máa ń rò pé tí ọmọ bá ti dárí jini, dandan ni kí òun àti ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ di ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó mú ọmọ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà títí tọ́ọ̀mù fi parí. Ó rò pé òun ń tún nǹkan ṣe. Wahshi ló pa Hamza, arákùnrin bàbá Ànábì, ní ogun Uhud ní ọdún 625. Nígbà tó yá, Wahshi gba Ìsìláàmù, ó wá síwájú Ànábì. Wọn kò pa á, wọn kò sì lé e. Àmọ́ Ànábì bi í bóyá ó lè máa gbé ojú rẹ̀ kúrò níwájú òun. Ìyẹn nìkan. Wíwo ojú ẹni tó pa Hamza ń dùn ún, kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Tí Ànábì bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọmọ JSS1 tí wọ́n lù lẹ́yìn kíláàsì lè sọ pé, "Mo ti dárí jì í, Sà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ jókòó tì í." Kí olùkọ́ sì gbà á bẹ́ẹ̀ láìfà á létí.

Àwọn kan á ní, ehn, ohun tí mò ń wí ni pé kí ọmọ máa gbẹ̀san. Rárá o. Irú òbí bẹ́ẹ̀ náà wà, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: "Tí wọ́n bá gbá ẹ létí, tí o bá fi lè sunkún wálé, èmi náà máa gbá ẹ sí i." Wọ́n rò pé iyì ni wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí kò lè sùn títí tó fi gbẹ̀san, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló ṣì ń darí rẹ̀, iyì wo ló wà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọdé kò mọ ìwọ̀n. Ìfọ́tí kan lónìí, lọ́la wọ́n á kó ẹ̀gbọ́n mẹ́ta wá dúró de ara wọn lẹ́nu géètì. Suratu-sh-Shuura, láti áyà 39 sí 43, ti ro ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ. Ó yin àwọn tí kì í káwọ́ gbera nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ wọn jẹ. Ó ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n ṣe síni lèèyàn lè gbà padà, kò gbọ́dọ̀ lé. Ó ní ẹni tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò lẹ́bi. Ó wá fi ẹni tó mójú kúrò, tó sì ṣe àtúnṣe, sípò tó ga. Ìdí tí ìdáríjì fi níyì nìyẹn lójú mi: ó lè gbà á, ó ní òun fi sílẹ̀. Ọmọ tí wọn kò sọ fún rí pé ó ní ẹ̀tọ́, kí ló fẹ́ fi sílẹ̀? Èèyàn kì í fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tọrẹ.

Ẹ má sọ pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni mò ń kó wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019, ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ mọ́sáláṣí méjì ní ìlú Christchurch, ní orílẹ̀-èdè New Zealand, ó pa èèyàn 51. Husna Ahmed wà lára wọn. Ó ti kó àwọn obìnrin àti ọmọdé jáde, ó tún ń padà lọ wá ọkọ rẹ̀ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn fún un. Ọkọ rẹ̀, Farid Ahmed, kò kú. Kò pẹ́ rárá tó fi sọ fún gbogbo ayé pé òun ti dárí ji ẹni tó pa ìyàwó òun. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yẹn máa ń fò dá ni pé ẹjọ́ ń lọ ní kóòtù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn ẹbí àwọn tó kú dìde lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú apànìyàn náà, ó jókòó, ó ń gbọ́. Àwọn kan ní àwọn dárí jì í, àwọn míì ní àwọn kò ní dárí jì í láéláé. Adájọ́ gbọ́ gbogbo wọn, ó wá rán an lọ sẹ́wọ̀n títí tó fi máa kú, láìsí ìdásílẹ̀. Farid dárí jì, ẹjọ́ ń lọ, kò sí èyí tó ba èkejì jẹ́.

Nítòsí wa ńkọ́? Tí èèyàn bá dúró ní oríta Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀nà kan lọ Ìlọrin, ọ̀kan lọ Òmù-Àrán, ọ̀kan lọ Ọ̀fà. Ẹni tó bá gba ti Ọ̀fà kò ní pẹ́ dé Ìjàgbó. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Àwọn ìjọ tó dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní tàwọn ni, ìjọba tó ń san owó oṣù olùkọ́ ní tòun ni. Nígbà tí wọ́n máa ṣí wọn padà ní oṣù kẹta, òkúta ń fò, àga ń fò. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2022, ó dé Oyun Baptist High School ní Ìjàgbó. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹnìkan kú, àwọn míì fara pa, ìjọba ti ibẹ̀ náà pa.

N kò fẹ́ dá ẹjọ́ híjáàbù sára ògiri yìí. Mo mọ ibi tí mo dúró sí, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Bàtíìsì náà mọ̀ ọ́n, a ti jiyàn rẹ̀ títí ẹnu fi ro wá. Àwọn ọmọ ni mò ń wò. Ọmọ tó wọ híjáàbù àti ọmọ tí kò wọ̀ ọ́ ló máa padà jókòó sínú kíláàsì kan náà, tí wọ́n á jọ máa yá bírò lọ́wọ́ ara wọn. Tí a bá kàn sọ fún wọn pé "ẹ gbàgbé, ẹ dárí ji ara yín", tí kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́ ohun tí ojú kálukú rí lọ́jọ́ yẹn, ilé ni wọ́n á ti lọ gbọ́ ìtàn náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa gbà gbọ́ ọ, ìyẹn ọ̀nà ti bàbá wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ kan náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí àti ẹgbẹ́ MSSN gbé ìjọba ìpínlẹ̀ wọn lọ kóòtù. Ní 2014, wọ́n pàdánù ní kóòtù gíga. Ní 2016, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, kóòtù tó ga jù lọ tún dá wọn láre, adájọ́ márùn-ún sí méjì. Ó pẹ́ o! Ọmọ tó wọ JSS1 ní 2014 ti parí SS3 ní 2020. Àmọ́ inú kóòtù, kò sẹ́ni tó ju òkúta lu ẹnikẹ́ni. Èèyàn lè má fara mọ́ ìdájọ́ náà, kó sì gbà pé àwọn ọmọ yẹn béèrè ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀tọ́ wọn bí ọmọlúàbí ṣe ń béèrè.

Ó ku ibi tó le jù. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Tí bàbá bá na ọmọ lórí ohun tí kò ṣe, tó wá mọ̀ nígbà tó yá, a kì í gbọ́ "má bínú". Wọ́n á pè é pé, "Wá jẹun." Wọ́n á fi ẹran kan kún tirẹ̀. A mọ èdè yẹn, a gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wa ti jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kò dáa. Àmọ́ ẹran kò lè sọ fún àwọn tó ń wò nígbà tí wọ́n ń nà án pé kò jẹ̀bi. Níbi tí wọ́n ti na ọmọ níwájú gbogbo kíláàsì, ó yẹ kí gbogbo kíláàsì gbọ́ pé àṣìṣe ni.

Àwọn tó kọ ìtàn ayé Ànábì sọ pé ní ọjọ́ ogun Badri, ó ń to àwọn èèyàn rẹ̀ sórí ìlà, ó wá fi ọfà ọwọ́ rẹ̀ gún Sawad níkùn díẹ̀ torí pé ó yọ síta. Sawad ní ó dun òun, òun fẹ́ gbà á padà. Ànábì ṣí aṣọ kúrò ní ikùn ara rẹ̀, ó ní kó gbà á. Sawad kò gún un o, ńṣe ló dì mọ́ ọn, tó fẹnu kò ó níkùn. Ọ̀gágun ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni, ogun sì ti dé tán. Kò ní, "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" Ta ló rí i pé iyì rẹ̀ dín lọ́jọ́ yẹn?

Olùkọ́ kan sọ fún mi, nígbà tí mò ń bi àwọn èèyàn léèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé tí àwọn bá ní kí àwọn máa gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ọmọ, ìgbà wo ni àwọn máa rí kọ́ wa ní ìṣirò? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló tó ẹjọ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹni tó mu omi rẹ, fojú fò ó, má dààmú tíṣà. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rẹ́ni bá ṣeré; irú ìyẹn ni òwe yẹn ń bá wí. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ba orúkọ ọmọ jẹ́, tí wọ́n gba nǹkan rẹ̀, tí wọ́n lù ú, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀sìn rẹ̀ bú u, ìṣẹ́jú márùn-ún kò pọ̀ jù. Kí wọ́n bi ẹni tó ṣe é léèrè ohun tó ṣe, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. "Má bínú" lásán kò tó. Tí kò bá sọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí, ṣé ó mọ̀ ọ́n? Tó bá gba nǹkan, kó dá a padà. Tó bá jẹ́ orí asémbìlì ló ti pe ọmọ lólè, orí asémbìlì ni kó ti pè é padà. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wá yíjú sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Kí wọ́n sì jẹ́ kó lè ní, "Ẹ fún mi láyè di ọ̀la." Hàdíìsì tó ní kí Mùsùlùmí má bá ọmọnìkejì rẹ̀ yodì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àwọn àgbà máa ń fi halẹ̀ mọ́ ọmọ pé kó yára dárí jì. Èmi kà á dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta!

Ìjókòó MSS máa wáyé ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun, ọ̀rọ̀ yìí la sì máa fi ṣe àròyé. Ẹ̀yin ọmọ FCS, tí ẹ bá wá, a máa fún yín lága. Ẹni tí kò bá lè wá, tàbí tí kò gbà pẹ̀lú mi, kó kọ tirẹ̀ sínú ìwé, kó fi sínú àpótí Press Club lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìkàwé. A máa lẹ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ kó má kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ o, a kì í lẹ ìyẹn.

— Ọmọ Press Club kan, SS2